Sí ẹni tó ní ẹ̀rín wa ti pọ̀ jù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ọjọ́ tí ìwé yín bá jáde, mo máa ń rán ọmọ tó ń bá mi tajà kó lọ rà á láàárọ̀. Bí mo bá kà á tán, àwọn aládùúgbò ìsọ̀ mi á gbà á kà lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́pà á wá gbà á lọ fi pọ́n ẹ̀pà. Ẹ má bínú sí wa, owó ẹnì kan ṣáà wọlé fún yín.

Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní òun wá ra àǹkárá ní Gbági, òun sì bá àwọn obìnrin kan lórí bẹ́ńṣì níwájú ìsọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn ṣí gèlè lórí, ó ń fi í nu ojú. Ó ní kí ló ń pa irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́rìn-ín nínú ìlú tí gàrí ti di oúnjẹ olówó. Ó ní irú ẹ̀rín yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn olóṣèlú máa fi wá ṣe ẹṣin gùn, pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò ráyè bínú. Ó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé àìnírònú ni.

N kò lè búra pé àwa ló rí. Gbági Tuntun fẹ̀, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ kò sì lóǹkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gèlè yẹn ń kọ mí lóminú díẹ̀, torí pé Àlàájà wa kì í rẹ́rìn-ín dénú kó má ṣí gèlè. Nítorí náà, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe àwa ni, kí ọ̀gbẹ́ni náà gbà pé àwa la máa dáhùn.

Léèsì ni mo ń tà. Ìyá mi tà á kí n tó máa tà á, ní Gbági àtijọ́ lọ́hùn-ún lẹ́bàá Dùgbẹ̀, níbi tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta aṣọ nígbà náà, tí òpópónà kan ṣì ń jẹ́ Lebanon Street títí di òní. Nígbà tí àwọn aláṣọ kó wá sí ojú ọ̀nà Ifẹ̀, èmi náà bá wọn kó. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni Àlàájà wà, ọmọ bíbí Ìbàdàn, àgbà gbogbo wa, ó ń ta àǹkárá. Lọ́wọ́ òsì ni obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí gbogbo ìlà wa ń pè ní Òṣómàáló. Ẹgbẹ́ mi ni, àtíkù àti aṣọ ọkùnrin ló ń tà. Ìyá Ìbejì ló wà lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ Ìsẹ́yìn, aṣọ òkè ló ń gbé wá láti ilé wọn, òun ló kéré jù nínú wa. Bẹ́ńṣì tí mo ń sọ yìí, Òṣómàáló ló ni ín. Káfíńtà kan jẹ ẹ́ lówó aṣọ, kò rí owó san, ó fi bẹ́ńṣì san án.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa kò pé ogún, a kì í sì í ṣe ọmọdé, bóyá ìdí nìyẹn tí òwe náà kò fi tíì mú wa.

Ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà kò lè gbọ́ láti ibi tó dúró sí ni ohun tí a ń sọ. Ìlú ara wa la máa ń bú. Ẹ mọ ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́: bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó á fi jáde. Nítorí náà, bí oníbàárà bá jẹ ẹnikẹ́ni nínú wa lówó, a ó ní kí Òṣómàáló bá wa lọ lóṣòó. Òun náà á ní orúnkún ń dun òun, pé bí a bá ti lè bá òun wá àga onítìmùtìmù, òun á sùn síbẹ̀.

Ti Àlàájà, oríkì ìlú rẹ̀ la fi ń mú un: ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́ri mu. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí olóúnjẹ kò tíì dé, tí Àlàájà bá ní ebi ń pa òun, ẹnì kan á rọra ní kó jòro kó sùn. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: ìkarahun ìgbín tí àwọn baba òun fi mu ọ̀rí yẹn náà ló kọ́ ilé tí gbogbo wa wá ń san owó háyà lé lórí. Èmi ni wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Wọ́n ní bí Ìjẹ̀bú bá sùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sùn, owó ló ń kà. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, wọ́n á máa bi mí bóyá mo ti tọ́jú owó ọkọ̀ tí mo máa fi padà dé láti Ojúde Ọba, torí pé lẹ́yìn tí regberégbé bá jó tán, kò sí ohun tó máa ṣẹ́kù lápò mi ju abẹ̀bẹ̀ lọ. Ti Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Bó bá ń sọ̀tàn, bí ẹni tó ń hunṣọ ni: á lọ, á bọ̀, á tún lọ, ìwọ á sì ti sùn kó tó dé ibi tí olè ti wọlé.

Ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé à ń jà. Ọmọ ọlọ́jà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tiẹ̀ wá là wá rí.

Àlàájà ní kò sẹ́ni tó lè kọ́ ará Ìbàdàn ní ẹ̀fẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀yin náà mọ ọdún Òkè'bàdàn tí wọ́n máa ń ṣe nínú oṣù Kẹta: ní ìlànà ọdún náà, wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà, ọmọdé àti àgbà á máa kọ orin tí n kò lè kọ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á kọ ọ́ fún olówó, wọ́n á kọ ọ́ fún ìjòyè, olówó àti ìjòyè kò sì gbọdọ̀ bínú. Mo ti rí ọkùnrin kan tó wọ agbádá ńlá tó ń fi owó fún àwọn tó ń fi nǹkan abẹ́ rẹ̀ kọrin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Àlàájà ní ọjọ́ kan lọ́dún ni ti gbogbo ìlú, tiwa kì í ní ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ṣéńjì, torí bóyá òun gan-an ni ọ̀gbẹ́ni náà bá lẹ́nu wa. A kì í jẹ́ kó pẹ́ kí a tó tún un sọ.

Ẹ rántí bí owó ṣe dàwátì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ní 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í tètè dé ọjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń ti owó àtijọ́ padà síni lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan láti báńkì.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Òṣómàáló wọ Mícrà láti Ìwó Road. Wọ́n dé Gbági, dẹ́rẹ́bà kò ní ṣéńjì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe: ó so ó pọ̀ mọ́ bàbá kan tó jókòó tì í, ó na ₦500 àtijọ́ kan ṣoṣo sí wọn, ó ní kí wọ́n lọ pín in. Kí wọ́n tó lanu, ó ti wakọ̀ lọ.

Ohun tí àwa rí láti orí bẹ́ńṣì ni Òṣómàáló tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí a kò rí rí, ó dé fìlà, ó dúró dáadáa, àwọn méjèèjì sì jọ di nǹkan mú láàárín ara wọn. A kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ ni wọ́n dì mọ́ra. Àlàájà ní, “Súbúhánallàhì!” Ìgbà tí wọ́n súnmọ́ ni a rí i pé owó ni. Òṣómàáló di etí kan mú, bàbá di etí kejì mú. Kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnì kejì débi pé yóò jọ̀wọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń bára mu, torí pé owó náà ti gbó. Bí ọ̀kan bá yára ju èkejì lọ, yóò ya.

Wọ́n yà lọ́dọ̀ oníbọ́tìnnì, kò sí ṣéńjì. Wọ́n yà lọ́dọ̀ oní-POS, ó ní òun kò gba àtijọ́, àti pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, òun máa yọ ti òun lórí rẹ̀. Àárẹ̀ mú bàbá. Ó ní, “Màmá, ẹ máa mú un lọ, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀.” Òṣómàáló ní láéláé, òun kò lè jẹ gbèsè ọkùnrin tí òun kò mọ ilé rẹ̀, bàbá ni kó máa mú un lọ. Bàbá náà ní ọkùnrin bíi tòun kò lè jẹ owó obìnrin. Wọ́n tún dì í mú, wọ́n ń lọ.

Ìyá Ìbejì ló rí ọgbọ́n ta sí i. Ó ní kí wọ́n fi owó náà ra bọ̀ọ̀lì, kí wọ́n sì pín bọ̀ọ̀lì. Oníbọ̀ọ̀lì gbà á láìjanpata, torí pé òun náà jẹ ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un lówó, ó sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé owó àtijọ́ lòun máa kó fún un. Bàbá wá jókòó sórí bẹ́ńṣì wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ọ̀kan fún ẹ, ọ̀kan fún mi. Ó wá ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Bàbá ní kí Màmá mú un. Ẹ ti mọ èsì. Òṣómàáló na ọwọ́ sí orí tábìlì mi, ó mú tépù tí mo fi ń wọn léèsì, ó fi wọn bọ̀ọ̀lì náà láti ìdí dé orí, ó wá àárín rẹ̀, ó dá a sí méjì.

Ibẹ̀ ni gèlè Àlàájà ti kọ́kọ́ ṣí.

Nígbà tó mí délẹ̀, ó tún un wé, ó gbé ohùn ẹbí ìyàwó wọ̀, ó kọjú sí bàbá: “Ẹ káàbọ̀ o. A rí yín pẹ̀lú ọmọ wa. Ẹ ti jọ rin gbogbo ọjà já, gbogbo ayé rí yín, ẹ sì ti jọ jẹun lójú wa. Ìgbà wo ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́?”

A rò pé ojú máa tì í. Bàbá nu ọwọ́ mọ́ bébà, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá tó ti hewú o. Ó ní, “Ẹ̀yin àna mi, ẹ má kánjú. Mo ti san ₦250 lórí owó orí. Ẹ óò gba ìyókù tí mo bá ti rí ṣéńjì.”

Òṣómàáló ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì wá lóṣòó sílẹ̀, níwájú bàbá gan-an. Ìyá Ìbejì pariwo, “Ẹ wò ó, ó ti lóṣòó! Bàbá, ẹ yáa wá ìyókù náà, òní lẹ máa san án!”

Ọkọ Ṣéńjì la mọ bàbá yẹn sí títí di òní. Bó bá ń kọjá, á yà kí àwa àna rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ti wá rí, ó ra léèsì lọ́wọ́ mi, owó tó dáa ló sì san. Ó ní òun wá wo ìyàwó tí ọkọ òun fi ₦250 fẹ́, kó tètè múra, abọ́ wà nílẹ̀ tó fẹ́ fọ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi tó wà ní Kánádà lórí fóònù. Mo rín débi pé mi ò lè parí rẹ̀. Ó dákẹ́, ó ní, “Màámi, ṣé ó parí nìyẹn?” N kò bínú sí i. Kò mọ bí Òṣómàáló ṣe ń rìn, kò mọ ojú tí Àlàájà ń ṣe bó bá fẹ́ dá iná ọ̀rọ̀. N kò kóyán àwọn tó fi àwàdà ṣiṣẹ́ kéré o. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Baba Sálà bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tòun ti aago ràgàjì tó so mọ́ ọrùn ọwọ́, ìyá mi tí kì í fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò á gbé ìṣirò owó rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Mósè Ọláìyá kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, gbogbo ìlà wa ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti Baba Sálà, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ni ín. Ẹni tí kò bá ojú ẹ̀ pàdé rí lè rín in. Tiwa, èèyàn mẹ́rin àti Ọkọ Ṣéńjì ló ni ín. Fídíò tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ náà, a máa ń wò ó, a máa ń rín in, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀ kí dátà tó tán.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò ráyè bínú. Ó dáa. Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 ti fò dé tòsí ₦500. Àlàájà ní jíìpù tí àwọn ọmọ rẹ̀ rà fún un, òun ló sì ń gbé e wá sọ́jà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a rí Àlàájà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Mícrà, wọ́n há a mọ́ ẹ̀yìn, agbára káká ló fi jáde. Mo ní, “Àlàájà, ṣé kò sí o? Jíìpù ńkọ́?”

Ó ní, “Ó ń gbààwẹ̀.”

Òṣómàáló bi í pé ìgbà wo ló máa ṣínu. Àlàájà gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù l'Ábùjá.”

Ẹ sọ fún mi, ibo ni ìbínú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Bí wọ́n bá ní kí Àlàájà kọ àpilẹ̀kọ lórí epo bẹntiróò, kò ní lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlà wa ló gbà á sọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, dẹ́rẹ́bà kan tó já èrò sílẹ̀ lójú títì ti ń pariwo pé ọkọ̀ òun náà ń gbààwẹ̀, pé kí wọ́n fi owó kún owó.

Ẹ̀fẹ̀ tún ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó bí ẹni lo àdá, bí ọ̀gbẹ́ni náà bá fẹ́ gbọ́. Ọkùnrin kan wá sí ìlà wa nígbà kan, ó gbé ìwé àti bírò lọ́wọ́, ó ní gbogbo ìsọ̀ máa san owó ìmọ́tótó. Ìdọ̀tí sì wà lẹ́nu gọ́tà níbi tó dúró sí. Àwọn kan ti ń dìde láti bá a jà, aṣọ rẹ̀ ì bá ya lọ́jọ́ náà. Àlàájà kí i dáadáa, ó ní òun fẹ́ san, ṣùgbọ́n òun kì í ra ọjà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú ìmọ́tótó náà han òun. Kò tíì dáhùn tí Ìyá Ìbejì ti kúnlẹ̀, tó na ìgbálẹ̀ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń gbé oyè fún ọba. Gbogbo ìlà fi ẹ̀rín sí i. Ọkùnrin náà wo ìgbálẹ̀, ó wo gọ́tà, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó lọ. Nígbà tó máa padà wá, ó kó àwọn agbálẹ̀ dání, wọ́n gbá a, wọ́n kó o, a sì san owó náà. Ó dùn wá láti san án, owó náà pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fara pa.

Ẹ̀fẹ̀ yìí ní òfin o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò kọ ọ́ síbì kankan. A kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe é, yálà ẹni tí kò tíì rí bí tàbí ẹni tí tirẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. A kì í ṣe é níwájú àna ẹni. Bí oníbàárà bá wà lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹnu àwa yòókù á pa mọ́ títí owó á fi wọlé. Ẹni tó bá sì ń fi ẹlòmíì ṣe é gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n fi òun náà ṣe. Obìnrin kan bá wa jókòó nígbà kan, ẹnu rẹ̀ mú bí nǹkan míì, ó fi wa rẹ́rìn-ín lọ́kọ̀ọ̀kan, inú wa dùn pé a rí kún ara wa. Ọjọ́ tí Àlàájà fi ẹnu kan wíìgì rẹ̀ báyìí, ó bínú dìde, kò sì kí wa mọ́. Ó wù mí kó padà wá. Ṣùgbọ́n wíìgì yẹn kò dáa lóòótọ́.

Èyí tó le jù nínú òfin náà ni mímọ ìgbà tí a máa dákẹ́. Ọkọ Ìyá Ìbejì kú lójijì. A lọ síbi ìsìnkú, a ṣe ohun tó yẹ. Nígbà tó padà sọ́jà nínú aṣọ dúdú, a kò mọ ohun tí a máa ṣe. Àlàájà tí í pariwo láti ìsọ̀ kan dé ìkejì di ẹni tó ń fọwọ́ júwe. Èmi ń bi í ṣáá pé ṣé ó ti jẹun. Òṣómàáló ra bọ̀ọ̀lì, ó kó gbogbo rẹ̀ fún un, kò wọn nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a bọ̀, ohùn wa wálẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò ju “pẹ̀lẹ́” lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé bọ̀ọ̀lì rẹ̀ sílẹ̀, ó wò wá yí ká. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo kú ni?”

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó ní, “Nílé, ẹkún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún. Àwọn tó ń pè mí lórí fóònù, ẹkún. Ibí yìí nìkan ló kù tí wọ́n ti ń bú mi pé ọ̀rọ̀ mi kì í tán, ẹ̀yin náà wá ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ olóògbé gan-an, bí mo bá ń sọ̀tàn fún un, ó máa ń sùn ni.”

Àlàájà nu ojú rẹ̀. Ó ní, “A ti gbọ́. Ìwọ náà ti wá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù, oníbàárà ẹ ti lọ.” A wẹ̀yìn, lóòótọ́, obìnrin tó ti ń wo sányán níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ìyá Ìbejì dìde tòun ti aṣọ dúdú, ó sáré tẹ̀ lé e, ó ń pè é, àwa mẹ́ta dì mọ́ra lórí bẹ́ńṣì, à ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún, a kò mọ èyí tó ṣáájú. Gèlè Àlàájà ti wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gbẹ́ni náà kọjá, mo gbà pé a rí bí ẹni tí kò nírònú.

Ó rà á, ẹ má bínú, mo gbàgbé láti sọ. Sányán mẹ́ta.

Kí ọ̀gbẹ́ni náà wá bá wa. Kó dé ìlà àwa oníléèsì, kó béèrè bẹ́ńṣì Òṣómàáló, ọmọdé á mú un dé ibẹ̀. Kó má wá láàárọ̀, àárọ̀ la máa ń tajà. Kó má sì wá lọ́sàn-án Jímọ̀, Àlàájà á wà ní mọ́ṣáláṣí, kò sì sí bí a ṣe ń rín in tí ó máa pé lójú wa tí kò bá sí níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kó wá, kó sì múra sílẹ̀, torí a ó kọ́kọ́ bi í ní ìlú rẹ̀. Àlàájà ní bó bá ṣì fẹ́ ra àǹkárá tó wá rà lọ́jọ́ náà, òun á yọ nǹkan kúrò lórí rẹ̀ fún un, torí pé ó gbé gèlè òun sínú ìwé ìròyìn láìgba owó ìpolówó.

Ní tèmi, bó bá fẹ́ léèsì, iye tí mo bá pè ni. Ìjẹ̀bú ni mí.

Èmi ni tiyín,
Oníléèsì,
Gbági Tuntun, Ìbàdàn.